Kí ẹ tó sanwó ríìmù 9.5 yẹn fún Toyota 86 yín

Ẹ kú oríire ọkọ̀ o. Ẹ ní ẹ rí fọ́tò Toyota 86 kan tó wọ ríìmù 18 íǹṣì, fífẹ̀ 9.5, offset +22, pé ó wù yín, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò wọ tiyín bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde gẹ́lẹ́. Kò ní í wọ̀ ọ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára kéèyàn gbọ́ irú èsì báyìí nígbà tí ọkàn ẹ̀ ti lọ sórí nǹkan, ṣùgbọ́n èmi náà ti ra ríìmù tó jọ ọ́ rí, mo fi táyà tuntun méjì ṣòfò lórí ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì tún gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Ohun tó wà lára ọkọ̀ yín báyìí ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. 86 ìran àkọ́kọ́ sábà máa ń wá pẹ̀lú ríìmù 17 íǹṣì, fífẹ̀ 7, offset +48, táyà 215/45R17. Bí ẹ bá pín fífẹ̀ ríìmù sí méjì dọ́gba, offset ni iye mílímítà tó wà láàárín ìlà àárín yẹn àti ojú ibi tí ríìmù ti ń fara kan họ́ọ̀bù. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni ríìmù á máa yọ síta. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni yóò máa wọnú lọ bá ṣọ́kì. Ẹ wá bá mi ṣe é. Láti 7 dé 9.5, íǹṣì méjì àbọ̀ ni, ìyẹn mílímítà 63.5. Ìdajì ẹ̀ á lọ síta, ìdajì á wọnú, bí 32 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Offset tún ti já láti 48 sí 22, ìyẹn 26 tó ti gbogbo ríìmù síta. 32 pẹ̀lú 26 jẹ́ 58. Ẹnu ríìmù tó wù yín yẹn á yọ síta ju ti ilé iṣẹ́ lọ ní mílímítà 58. Ẹ to ìka mẹ́ta pọ̀, kí ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ táyà yín báyìí, kí ẹ wá wo ibi tó máa dé sí lábẹ́ fẹ́ńdà.

Ọkọ̀ inú fọ́tò yẹn kò parọ́ o. Bí wọn kò bá fẹ fẹ́ńdà ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti fi camber, ìyẹn bí táyà ṣe dà sí ẹ̀gbẹ́, tẹ orí táyà sínú gan-an, tàbí kí wọ́n ti tẹ etí fẹ́ńdà pọ̀ látinú. Fọ́tò kì í sọ ìyẹn. Kì í sì í sọ bóyá ọkọ̀ náà ń rìn lójoojúmọ́, tàbí ó kàn dúró síbẹ̀ kí wọ́n lè yà á ni.

Tèmi jẹ́ 18 íǹṣì, fífẹ̀ 9.5, offset +35. Àlòkù ni mo rà á. Ẹni tó tà á ní ó wọ 86 tòun láìkan nǹkan kan, òótọ́ ló sì sọ. Èmi ni mi ò bi í ní ìbéèrè tó yẹ: báwo ni ọkọ̀ ẹ̀ ṣe ga sílẹ̀ sí, camber mélòó ló fi sí i, ṣé ó ti tẹ etí fẹ́ńdà? Gbogbo ẹ̀ ló ti ṣe. Tèmi wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Nígbà tí mo gbé ríìmù náà sí i, tí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó dára lójú, ìka kan ṣì kọjá láàárín táyà àti fẹ́ńdà. Mo ní ó ti wọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹrù wà nínú búùtù, mo ya kọ́nà kan tí ojú ọ̀nà rì díẹ̀ láàárín ẹ̀, mo gbọ́ hàràrà láti ẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi ní bóyá òkúta ni. Mo fẹ́ gbà pé òkúta ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń gbọ́ ọ, tí mo ń gbà pé òkúta ni.

Nígbà tí mo wá tú táyà ẹ̀yìn, mo fi ìka tọ etí fẹ́ńdà látinú. Irin tín-ín-rín tí wọ́n ká, ó mú bí abẹ, ẹ̀há rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ sì kún orí ẹ̀. Lórí èjìká táyà, ìlà kan ti gé yíká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fi èékánná ya ojú ìlà náà díẹ̀, mo rí okùn inú táyà. Táyà méjèèjì ẹ̀yìn ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní ni pé mo ti gbé ọkọ̀ yẹn sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ríìmù nìkan kọ́ ló fà á. Táyà 245/40R18 ni mo ra, nígbà tó yẹ kí n ra 245/35R18, torí ẹni tó tà á fún mi ní 245 ni 245 ń jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. 245 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. Ìdá 40 nínú 245 jẹ́ 98. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì, torí ẹ̀gbẹ́ wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi íǹṣì 18 tí í ṣe 457 kún un: 653. Táyà ilé iṣẹ́ jẹ́ 625. Mílímítà 28 ni mo fi kún gíga táyà láìmọ̀, ó ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àní, nígbà tí ọwọ́ aago bá wà lórí 100, eré mi ti lé ní 104. 245/35R18 ì bá fún mi ní 629, mílímítà bíi mẹ́rin péré sí ti ilé iṣẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ìyàtọ̀ kọjá ìdá 2, mi ò sì í ra táyà láìjẹ́ pé mo ti ṣe ìṣirò yìí fúnra mi.

Báyìí ni mo ṣe ń wọn ọkọ̀ ní tèmi. Mo máa ń so okùn mọ́ nǹkan tó wúwo, mo á fi í kọ́ etí fẹ́ńdà lókè táyà gan-an, mo á wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ẹ̀gbẹ́ táyà ilé iṣẹ́. Àyè tí mo ní síta nìyẹn. Fún ti inú, amọ̀ rírọ̀ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni mo ń lò: mo á mọ ọ́n bí òkìtì kékeré sára ṣọ́kì, níbi tó sún mọ́ táyà jù, mo á gbé ríìmù padà, mo á dè é, mo á tún tú u. Bí táyà ṣe tẹ amọ̀ mọ́lẹ̀ tó ló ń sọ àyè tó kù fún mi. Ìwọ̀n orí ìdúró kò tó ṣá o. Ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ wo inú fẹ́ńdà iwájú. Bí ẹ bá ní mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán, ẹ ní kó yọ sípíríńgì kan, kó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè títí tí yóò fi dé òpin rẹ̀. Bí mo bá ti ṣe ìyẹn lọ́jọ́ kìíní, hàràrà yẹn ì bá ti fara hàn láìsí pé mo wà lórí eré.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì wá kù, ibẹ̀ gan-an ni 86 ti ń kó àwọn èèyàn sí ìjọ̀ngbọ̀n. Subaru ló bá wọn ṣe ọkọ̀ yìí, sítọ́ọ̀dù Subaru, irin tí nọ́ọ̀tì ń yí mọ́, ló sì wà lára ẹ̀: M12x1.25, ìyẹn pé ó nípọn ní mílímítà 12, àlàfo láàárín ẹnu ìlà ẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 1.25. Ọ̀pọ̀ Toyota tó kù ń lo M12x1.5. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta nọ́ọ̀tì tí ẹ kàn ní "ti Toyota", 1.5 ni wọ́n á kó fún yín. Ẹnu ẹ̀ á wọlé díẹ̀, ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ lù ú á ba sítọ́ọ̀dù jẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo nọ́ọ̀tì. Kó yí tó nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá kó tó le, pàápàá bí ẹ bá fi spacer, irin pẹlẹbẹ tó ń wà láàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù, sí i. Ẹ tún wo ẹnu ihò ríìmù bóyá ó ṣe bí ẹnu àrọ tàbí ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, kí nọ́ọ̀tì bá a mu.

Ihò márùn-ún 86 wà lórí òbìrípo 100 mílímítà, tí wọ́n ń kọ ní 5x100. 5x114.3 pọ̀ lọ́jà jù ú lọ, kò sì lè wọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé wọ́n lè fi ọgbọ́n wọ̀ ọ́. Ihò àárín jẹ́ 56.1, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ríìmù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ní 73.1, kó lè wọ oríṣiríṣi ọkọ̀. Òrùka kan ló ń dí àlàfo náà. Tèmi kò ní òrùka, sítíárìn sì ń gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo bá ti kọjá 90. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ ṣe balancing kí n tó mọ ohun tó fà á. Gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tí mo fi òrùka sí i.

Ní ti táyà tí wọ́n nà sórí ríìmù tó fẹ̀ jù ú lọ, ẹ má bá wọn dé ibẹ̀. 225/40R18 wà fún ríìmù 7.5 sí 9. Lórí 9.5, ó ti kọjá ààlà.

Ohun tí mo ń lò báyìí ni 17 íǹṣì, fífẹ̀ 8, offset +45, pẹ̀lú 225/45R17. Ó yọ síta ju ti ilé iṣẹ́ lọ ní 16, ó wọnú ní 10, kò kan nǹkan kan, bí mo tilẹ̀ di ẹrù. Mo gbé ríìmù àti táyà méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ti àkọ́kọ́ wúwo ju kìlógíráàmù 21 lọ; èyí kò pé 18. Ìgbà tí mo gbé e jáde ni mo tó mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe, torí ọkọ̀ tún ń dáhùn sí sítíárìn kíákíá bó ṣe ń ṣe nígbà tó ṣì tuntun, kò sì fò mọ́ lórí ọ̀nà kékèké. Bí ó bá jẹ́ 18 ló wù yín dandan, 8.5 pẹ̀lú offset +45 àti 225/40R18 kò ní í da yín láàmú: 22 síta, 16 sínú. Ẹ kàn wọn ti inú yẹn dáadáa, kí ẹ sì rí i pé ríìmù náà kọjá lórí búréèkì yín.

Kí wọ́n tó de táyà, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. 87 ni nọ́ńbà ẹrù tó wà lára ti ilé iṣẹ́, ìyẹn kìlógíráàmù 545 fún táyà kan. Ẹ má rà èyí tó rẹlẹ̀ sí i. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà sì ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́ ní ilé ẹrù lè máa dán bíi tuntun.

Ẹ fi okùn àti amọ̀ wọn tiyín ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi. Màá bá yín ṣe ìṣirò ríìmù èyíkéyìí tó bá wù yín, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.