Ìfun nínú yìnyín: kí ló dé tí kì í pẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri abúlé nínú àpótí yìnyín. Wọ́n kọ́ wa pé kíndìnrín tí wọ́n fẹ́ gbé sára aláìsàn lè lo wákàtí 24 nínú òtútù, ṣùgbọ́n ìfun kékeré kò lè tó bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á? Ṣé fírísà kò lè mú un pẹ́ sí i ni? — Òǹkàwé láti Kétu.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n kọ́ yín. Àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ti padà máa ṣàn nínú ìfun náà láàárín wákàtí 6 sí 8. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kó ju 10 lọ.

Òtútù kì í dá iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì dúró, ó kàn ń dín in kù ni. Ní 4°C, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà ṣì ń lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀síjìn kò wọlé mọ́. Bí agbára inú sẹ́ẹ̀lì bá tán, ohun tó ń ti sódíọ̀mù síta á dúró. Sódíọ̀mù á wọlé, omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á wú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi àwọn èròjà bíi lactobionate àti raffinose sínú omi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní UW: wọn kì í ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ń dá omi dúró síta.

Kíndìnrín náà ń jẹ ìyà yìí. Ṣùgbọ́n ìfun ní ọ̀tá nínú ikùn ara rẹ̀. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ ni UW ń gbà, kì í dé ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà, níbi tí oje tó ń mú oúnjẹ dà, bíi trypsin, ṣì wà. Òtútù kò pa á. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ awọ inú ìfun. Bí ẹ bá wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, orí villi, ìyẹn àwọn ohun kéékèèké tó yọ jáde bí ìka lára awọ inú ìfun, ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi á jọ sábẹ́ awọ tó bò ó, awọ náà á gbé sókè, á wá máa ṣí bọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ títí villi á fi wà níhòòhò. Àwọn kòtò ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní crypt ló ń kẹ́yìn, àwọn sì ni kí ẹ máa wò jù: bí wọ́n bá yè, awọ tuntun á hù láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bá padà dé ni ewu máa ń pọ̀ jù. Ọ̀síjìn tó bá a wọlé á dá ìpalára mìíràn kún un, baktéríà inú ìfun á sì gba ojú ibi tó ṣí wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ìpamọ́: wọ́n á fi UW tútù ṣan òpó ẹ̀jẹ̀ láìfipá tì í, torí bó bá pọ̀ jù, ìfun á wú. Wọ́n á pa orí méjèèjì ìfun náà dé, wọ́n á kó o sínú àpò tó ní UW, àpò méjì mìíràn á bò ó, kí yìnyín má baà fara kan ìfun fúnra rẹ̀. Fírísà kò ṣeé lò rárá. Bí abẹ́rẹ́ kan nínú àpótí yín ṣe ń bàjẹ́ bó bá dì, bẹ́ẹ̀ náà ni omi inú sẹ́ẹ̀lì tó bá di yìnyín ṣe ń fà á ya.

Ìwádìí lórí ẹranko ti fi hàn pé bí wọ́n bá da omi tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní polyethylene glycol sí ọ̀nà oúnjẹ kí wọ́n tó kó ìfun sínú yìnyín, omi tó ń jọ sábẹ́ awọ villi máa ń dín kù.