Ìkìlọ̀ Ìjì Tó Ń Pariwo Lórí Tẹlifíṣọ̀n: Ṣé A Lè Pa Á, àbí Kí A Dín Ariwo Rẹ̀ Kù?

Ìbéèrè: Ìlú Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, bàbá mi tó ti dàgbà sì wà lọ́dọ̀ wa. Tẹlifíṣọ̀n yàrá wọn kì í sábà kú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, ariwo ìkìlọ̀ á kàn já lu ohun tí wọ́n ń wò, á gba gbogbo ilé kan, bàbá á sì ta jí pẹ̀lú àyà jíjá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjì náà kì í tilẹ̀ dé àdúgbò wa. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe lè pa á, tàbí kí a dín ariwo rẹ̀ kù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín: kò sí bọ́tìnì kankan lára tẹlifíṣọ̀n tàbí dìkódà yín tí ẹ lè fi pa ìkìlọ̀ náà, nítorí iléeṣẹ́ kébù, ìyẹn àwọn tó ń fi wáyà ta ìkànnì tẹlifíṣọ̀n sí ilé yín, ló ń gbé e jáde, ohun tí wọ́n bá sì ní kí dìkódà ṣe ló máa ṣe. Nínú ilé mìíràn, dìkódà a tilẹ̀ máa yí ìkànnì padà fúnra rẹ̀ títí ìkìlọ̀ á fi parí. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni kí ẹ dín ariwo náà kù, kí ẹ sì gba iṣẹ́ jíjí ilé lóru lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ gbé e fún ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ. Èkejì yìí ni mo kà sí pàtàkì jù.

Ètò tí wọ́n ń pè ní Emergency Alert System, EAS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1997, ló ń gbé ìkìlọ̀ wọ̀nyí wá. Ìró ṣókí tó ń ha etí, tó máa ń kọ́kọ́ wá lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe fún ènìyàn rárá. Òun ni ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan fi ń sọ fún ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mìíràn irú ewu tó ń bọ̀, káúntì (ẹ̀ka ìpínlẹ̀ tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀) tó kàn àti àkókò tí ìkìlọ̀ máa parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn méjì á dún pọ̀, ọ̀kan ní 853 Hz, èkejì ní 960 Hz, fún ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 25, kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa lọ sókè, a máa wálẹ̀, a sì máa dánu dúró, ṣùgbọ́n àwọn ìró yìí kò ní ìsinmi kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ni etí lára tó bẹ́ẹ̀. Ó tún ku ọ̀kan. Wọ́n ti wọn ohùn ètò tẹlifíṣọ̀n kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni ìkìlọ̀ ń bá wọlé ní iléeṣẹ́ kébù, bí ẹni tó ń bójú tó o kò bá sì mú ohùn méjèèjì dọ́gba, ìkìlọ̀ á ga ju ètò lọ fíìfíì. Òfin CALM Act ti ọdún 2010, tó ní kí ìpolówó ọjà má pariwo ju ètò lọ, kò kan ìkìlọ̀ pàjáwìrì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara dìkódà. Ẹ fi rìmóòtù ṣí Settings, ẹ wọ Audio. Bí ẹ bá rí i pé Dolby Digital tàbí Surround ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí Stereo tàbí PCM. Bí ẹ bá sì rí Dynamic Range tàbí Audio Range, ẹ yan Narrow tàbí Night, èyí tó máa ń mú ohùn tó ga jù sún mọ́ ohùn tó rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Auto Volume tàbí Night Mode lára tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, kí ẹ tàn án. Orúkọ wọn lè yàtọ̀ láti ara ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ìkìlọ̀ kò ní di ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ohun tí bàbá ń wò máa dínkù. Mi ò gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí wọ́n ń kì bọ etí fún wọn nítorí èyí, torí inú etí wọn gan-an ni ariwo náà máa wọ̀.

Ní ti ìjì tí kì í dé ọ̀dọ̀ yín, káúntì ni EAS ń kà. Láti ọdún 2007 ni National Weather Service, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ti ń ya ojú ọ̀nà ìjì gan-an sórí máàpù dípò káúntì lódindi, síbẹ̀ nọ́ńbà káúntì ni EAS ṣì fi ń pín ìkìlọ̀. Nọ́ńbà Tulsa County ni 040143. Bí ojú ọ̀nà ìjì bá fara kan igun kan péré lára rẹ̀, ìkìlọ̀ lè dún káàkiri káúntì, bí iléeṣẹ́ kébù yín bá sì ń ta fún káúntì tó wà nítòsí, ẹ lè gbọ́ tiwọn náà mọ́ ọn. Ẹ̀dùn yín tọ̀nà. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2011, tọ̀nádò, ìjì alágbára tó ń yí bí òkòtó, pa nǹkan bí 160 ènìyàn ní Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri tó bá tiyín pààlà, àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ sì rí i pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ni kò sá pamọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, torí fèrè náà ti mọ́ wọn létí jù.

Ẹ ra rédíò tó ń gba NOAA Weather Radio, ìkànnì rédíò ìjọba tó ń kéde ìkìlọ̀ ojú ọjọ́, èyí tí wọ́n kọ SAME sí lára, ìyẹn pé ó lè dá nọ́ńbà káúntì mọ̀, tó sì lè lo bátìrì bí iná bá lọ. Ẹ tẹ 040143 sínú rẹ̀, káúntì yín nìkan ló sì máa jí yín fún. Púpọ̀ nínú wọn tún ń jẹ́ kí ènìyàn yan irú ewu tí wọ́n á fi dún. Watch túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí ewu ṣẹlẹ̀, Warning sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí i tàbí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Nítorí náà ẹ lè pa ti Watch lóru, ṣùgbọ́n Tornado Warning gbọ́dọ̀ wà, Flash Flood Warning náà sì gbọ́dọ̀ wà bí omi bá máa ń ya wọ àdúgbò yín. Ẹ má gbé rédíò yìí sí yàrá bàbá. Ẹ̀bá ibùsùn ẹni tó máa gbé wọn lọ síbi ààbò ni kó wà, torí ẹni yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ jí, kó sì lọ fi ohùn tútù jí wọn.

Ìgbà tí ẹ bá ti dán rédíò yìí wò tó sì dún ni kí ẹ tó fi Sleep Timer sí tẹlifíṣọ̀n bàbá, kó máa kú fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti sùn lọ. Ẹ má ṣe é ṣáájú. Bí wọ́n bá sì ń wo Netflix tàbí irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkìlọ̀ EAS kì í gba ibẹ̀ kọjá rárá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé ewu ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ orí fóònù yín náà máa ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà ìjì gan-an ni tirẹ̀ ń tẹ̀ lé, kì í ṣe káúntì, láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 sì ni kì í ti í dún fún ìjì òjò àyàfi èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó máìlì 80 ní wákàtí kan tàbí tí yìnyín rẹ̀ tóbi gidi.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kébù. Nígbàkígbà tó bá tún dún, ẹ kọ ọjọ́, aago, ìkànnì tó wà lójú, irú ìkìlọ̀ tó jẹ́ àti irú dìkódà tí ẹ ń lò sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ẹ kò ní kí wọ́n dáwọ́ ìkìlọ̀ dúró, pé ohùn EAS ló ga ju ohùn ètò lọ, kí wọ́n fún onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ní iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ lè fẹjọ́ sùn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣòfin fún EAS, kí ẹ sì so àkọsílẹ̀ yín mọ́ ọn.