Ta ni ọmọ kejì inú fọ́tò yìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò àtijọ́ kan wà nílé wa, ọmọbìnrin méjì tí ojú wọn kò yàtọ̀ rárá ló jókòó síbẹ̀. Kẹ́hìndé ni Màmá wa àgbà, wọ́n sì ní Táíwò ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò náà. Ta wá ni èkejì? Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Bí ìtàn ilé yín bá rí bẹ́ẹ̀, ó jọ pé Màmá yín náà ni méjèèjì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá lọ́dún 1978, rí irú rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Nígbà náà, bí ìbejì kan bá kú láìya fọ́tò, wọn á ya èyí tó kù, wọn á tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, ọmọ tó kù á wọṣọ ọkùnrin, wọn á yà á, á tún wọ ti obìnrin. Láwọn ilé kan, fọ́tò yìí ló dípò ère ìbejì.

Ẹ má wo ojú wọn. Ìbejì kúkú máa ń jọra. Aṣọ ni kí ẹ wò. Bí ìṣẹ́po aṣọ, ìka ọwọ́ àti òjìji bá bára mu délẹ̀, nẹ́gátíìfù kan (fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò) ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá yàtọ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yà á. Ẹ wá wo àárín: ìlà tín-ín-rín lè wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, tàbí kí ògiri ẹ̀yìn ṣú lápá kan ju ìkejì lọ. Àmọ́ bí ìgúnpá tàbí etí aṣọ ẹnì kan bá bo ara ẹnì kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ méjì lóòótọ́. Ẹ tún àwọn àgbà bi.

Kì í ṣe ayédèrú. Ayàwòrán fi ìlà náà pamọ́ kí ìbejì lè jókòó pọ̀ ni, ìyá ọmọ sì mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, ẹ fi skánà mú un ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán á ṣe hàn kedere tó), kí ẹ sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má pa ìlà yẹn rẹ́. Bí gọ́ọ̀mù bá ti mú un mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á; yóò ya.

Ìbéèrè: Bàbá wa àgbà ò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò wọn. Ṣé inú ń bí wọn ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò nígbà náà nìyẹn: wọn á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ lórí orúnkún, odindi ara látorí dẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ wò, ìrùkẹ̀rẹ̀ tàbí Bíbélì tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ipò wọn. Àwọn tó ń gé e ku orí nìkan fún pósítà ìsìnkú ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ tọ́jú odindi rẹ̀ ná.