Gẹ̀ẹ́sì Inú Lẹ́tà Ìgbaniṣíṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ sà, wọ́n gba ọmọ mi sí iṣẹ́ akọ̀wé, kí ni probation àti notice inú lẹ́tà rẹ̀? (Ìyá kan, Ìsọ̀kùn, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, mà. Probation ni àkókò tí ọ̀gá fi ń wo ọwọ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Kò gba àròjù. Notice ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí òun ni ìkìlọ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí iṣẹ́, ìbáà ṣe ọ̀gá tàbí òṣìṣẹ́, gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ṣáájú ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Bí lẹ́tà kò bá dá iye ọjọ́ rẹ̀, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ọjọ́ 1 ni fún akọ̀wé tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 kó tó pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 kó tó pé ọdún 5, oṣù 1 lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí “in lieu”, owó ni wọn yóò fi dípò ọjọ́ wọ̀nyí.