Sport àbí sport-touring: ohun tí ojú mi rí lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní Ọ̀yọ́ lò ń gbé, nítòsí Òwòdé, pé iṣẹ́ ń gbé ọ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, pé o ti kówó jọ láti ra páwà báìkì tọ́kúnbọ̀, àkọ́kọ́ rẹ, ọkàn rẹ sì pín sí méjì: Yamaha R6 tó jẹ́ sport, ìyẹn báìkì eré ìje, àbí Yamaha FJR1300 tó jẹ́ sport-touring, ìyẹn báìkì ìrìn àjò jíjìn. O tún béèrè bóyá ìyàwó rẹ á lè máa jókòó sẹ́yìn rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí R6 gan-an ni mo kọ́kọ́ rà lọ́dún 2015, ojú ọ̀nà tí o fẹ́ máa gbà yìí náà ni mo sì ti gùn ún fún oṣù mẹ́rìnlá. Má rà á.

R6 kì í ṣe báìkì burúkú o. Ọdún 1999 ni Yamaha kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 599cc, pápá ìje ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Agbára rẹ̀ kì í jí àfi tí ẹ́ńjìnì bá ń yí kọjá ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tí wọ́n ṣe láti 2006 gbọ́dọ̀ kọjá 14,000 kí gbogbo agbára wọn tó jáde. Níbo lo ti fẹ́ rí àyè ìyẹn láàárín Òwòdé sí Odò Ọba? Bí a bá ń tẹ̀ lé tírélà, 4,000 tàbí 5,000 ni a máa ń wà, níbẹ̀ sì ni R6 ti ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹ́ńjìnì FJR jẹ́ 1,298cc. Ní 3,000 péré ó ti ń fà ọ́ lọ, o ò ní láti máa já gíá wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá ọ lóhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àwọn tó ń ta báìkì ò ní sọ ọ́, àwọn tó ń ṣe fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní sọ ọ́, nítorí wákàtí kan péré ni wọ́n máa ń fi gùn ún lórí títì tó dán bíi dígí. Ọwọ́ ìdarí R6 wà nísàlẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ga tó 850 mílímítà, ẹsẹ̀ ń ká sẹ́yìn, gbogbo ara sì ń dà síwájú. Tí èèyàn bá ń sáré lórí pápá ìje, atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ níwájú á máa ti àyà rẹ̀ sókè, ọwọ́ ò ní ru ẹrù púpọ̀. Ní 40 sí 50 kìlómítà ní wákàtí kan, láàárín ọkadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti àwọn tó ń sọdá lọ sọ́jà, atẹ́gùn wo ni yóò gbé ọ? Ọrùn ọwọ́ rẹ méjèèjì ni yóò ru àyà, orí, àṣíborí àti báàgì tó wà lẹ́yìn rẹ. Gbogbo kòtò tí táyà iwájú bá kó sí, ọrùn ọwọ́ yẹn náà ni yóò gbà á.

Ní oṣù kẹta, àtàńpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí èèrùn bá ń rìn nínú awọ. Lóru, màá jí, màá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni tó fi ọwọ́ kan iná. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà tó wà níbẹ̀ ò gbójú sókè wò mí, ó ní làkúrègbé ni, ó kọ oògùn. Mo lò ó tán, kò sí ìyàtọ̀. Mo lọ sí òmíràn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbowó, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ọmọdébìnrin kan tó ń ṣe ìtọ́jú iṣan àti egungun ló kọ́kọ́ bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń gùn?” Ó ní kí n fi bí mo ṣe ń jókòó lórí báìkì hàn òun lórí àga. Ó ní iṣan kan ló gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá lọ sí àwọn ìka mẹ́ta yẹn, òun gan-an ni mo ń tẹ̀ pa lójoojúmọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń fẹ́, oṣù mẹ́rin ni mo sì fi wá ẹni tí yóò bi mí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Kí n tó pàdé ọmọdébìnrin yẹn ni mo ti ṣubú. Ọjọ́ Ẹtì ni, nínú ọyẹ́, mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Odò Ọba. O mọ ọ̀nà àtijọ́ yẹn, tí ọ̀pọ̀ tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ ń gbà, tí a ti ń retí ọ̀nà oníbejì rẹ̀ láti ayébáyé. Tírélà kan wà níwájú mi, ó ń rìn ní nǹkan bíi 60. Mo yọ síta láti yà á, gíá kẹfà ni mo wà. Mo yí ọwọ́ tí a fi ń fún ẹ́ńjìnì níná, báìkì ò dáhùn. Mo já gíá kan, mo já èkejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbéra ni mo rí bọ́ọ̀sì tó dojú kọ mí. Mo padà sẹ́yìn tírélà, mo fa bíréékì. Àwọn ìka mi ti kú láti bí ìṣẹ́jú ogún, n kò mọ bí mo ṣe fà á tó. Mo rò pé mo kàn fọwọ́ bà á ni. Àfi bí táyà iwájú ṣe gan lórí yanrìn etí títì, tí ilẹ̀ sì gbà mí. Báìkì wọ́ lọ ní tirẹ̀, èmi náà wọ́ lọ ní tèmi. Ìbọ̀wọ́ mi wà nínú àpò mi nítorí ooru ọ̀sán. Awọ àtẹ́lẹwọ́ òsì mi bó, orúnkún ọ̀tún wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àṣíborí mi sán láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, orí mi ni ìbá sán bẹ́ẹ̀. R6 tèmi kò ní ABS, ìyẹn bíréékì tí kì í jẹ́ kí táyà gan. Ọ̀pọ̀ FJR ló ní in, rí i dájú pé èyí tí o máa rà ní.

Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ìwé ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ mi. Mo mú ìwé jáde. Wọ́n fi wé nọ́ńbà tó wà lára báìkì, wọ́n ní kò bára mu. Lóòótọ́ ni, ọ́fíìsì tó ṣe ìwé náà fún mi ló fi 8 sípò B. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́! Wọ́n gbé báìkì lọ, ó sì wà níta nínú oòrùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi báńdéèjì wé, kí akọ̀wé kan lè tún lẹ́tà kan ṣoṣo kọ. “Ẹni tó ń bu ọwọ́ lù ú ò sí lórí ìjókòó.” Mo ti gbọ́ ọ tó lákòókò yẹn.

Nítorí náà, kí o tó san kọ́bọ̀, tẹ̀ kalẹ̀ kí o fi ojú ara rẹ wo nọ́ńbà. Nọ́ńbà férémù wà ní ọrùn báìkì, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti ń yí, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Ti ẹ́ńjìnì wà lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Kà á lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìwé aṣọ́bodè, kí o tún kà á lọ́jọ́ tí ìwé tuntun bá jáde, kí o tó kúrò níwájú wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé “ó ti dáa bẹ́ẹ̀.”

FJR ni mo ń gùn báyìí. Ẹ̀yìn mi nà dáadáa, ọwọ́ mi fúyẹ́, ìka mi ti padà sípò. Táńkì rẹ̀ ń gba lítà 25, ti R6 ò ju nǹkan bíi 17 lọ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì lọ́jọ́ tí epo bá wọ́n, kí o má baà ra epo inú kẹ́ẹ̀gì tí ìdọ̀tí rẹ̀ á lọ dí ẹnu ìfọ́nká epo. Kò ní ṣéènì, irin ló ń yí táyà ẹ̀yìn, nítorí náà eruku ọyẹ́ ò ní nǹkan tó fẹ́ fi ṣe.

Síbẹ̀, n kò ní tàn ọ́. FJR tó nǹkan bíi kílò 290 pẹ̀lú epo nínú. Bí ó bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní géètì LAUTECH, ìwọ nìkan ò ní dá a gbé. O ní páwà báìkì àkọ́kọ́ rẹ nìyí. Tó bá jẹ́ àbúrò mi tí a jọ bí ni ọ́, màá ní kí o gbàgbé méjèèjì, kí o wá Kawasaki Ninja 650 tàbí Yamaha FZ6 tó ní gíláàsì níwájú. Ẹ́ńjìnì FZ6 wá láti ara ti R6, wọ́n kàn rọ̀ ọ́ lójú, ọwọ́ ìdarí rẹ̀ sì ga. Gùn ún fún ọdún kan, kí o tó wá FJR.

Táyà ńkọ́! Mo fẹ́ gbàgbé. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní òpin ọ̀rọ̀ DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018. Táyà tọ́kúnbọ̀ tó ti lé ní ọdún márùn-ún, pààrọ̀ rẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ nípọn, torí á ti le bí igi. Ra gééjì afẹ́fẹ́ tìrẹ, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ vọ́kánísà máa ń purọ́. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi túúbù sínú táyà tí kì í lo túúbù.

Ti ìyàwó rẹ: ìjókòó ẹ̀yìn R6 ò fẹ̀ ju ìwé ọmọ iléèwé lọ, kò sì ní irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá jọ máa gùn ún, ti FJR fẹ̀, ó ní irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ra àṣíborí tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tìrẹ.

Kí o tó rà á, gbé báìkì náà dúró sórí ìdúró rẹ̀, kí ẹnì kan dì í mú, jókòó sórí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, ọwọ́ lórí ọwọ́ ìdarí, ẹsẹ̀ lórí ibi ìtẹ̀. Oníṣòwò á máa kánjú, jẹ́ kó máa kánjú. Tí o bá ti rí èyí tó wù ọ́, kọ ọdún rẹ̀ àti iye kìlómítà tó ti rìn síbí, kí o ya àwòrán nọ́ńbà táyà rẹ̀, màá bá ọ wò ó.