Másítà ní Yunifásítì Tokyo: sensei ni kí o kọ́kọ́ wá

Àbúrò mi, o béèrè pé ẹ̀ka wo ní Yunifásítì Tokyo ni kí o kọ̀wé sí fún másítà, kí wọ́n lè yan ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò máa bójú tó ọ lẹ́yìn tí o bá wọlé. Rárá o, wọn kì í ṣe é báyẹn. Sensei, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò gbà ọ́ sí yàrá ìwádìí rẹ̀, ni wàá kọ́kọ́ rí, ìwé tó kù á wá tẹ̀lé e. Mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá ní ọgbà Hongo, ojú mi sì rí màbo.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ọdún 1877 ni ìjọba Meiji pa ilé-ẹ̀kọ́ Kaisei àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Tokyo pọ̀ di yunifásítì yìí. Ní 1886 ó di yunifásítì ọba. Nígbà tó di 1893, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kōza: ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ni àga ìmọ̀ kan, àwọn igbákejì àti olùrànlọ́wọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Rògbòdìyàn 1968 tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìṣègùn kò ṣẹ̀yìn agbára àwọn ọ̀gá wọ̀nyí. Ní January 1969 ọlọ́pàá lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Yasuda, wọn ò sì ṣe ìdánwò àbáwọlé rárá lọ́dún yẹn. Síbẹ̀, àṣà náà ò kú. Bí o bá pàdé ẹnì kan ní Hongo, yàrá ìwádìí sensei tí o wà ló máa bi ọ́. Ibẹ̀ ni tábìlì rẹ wà, ibẹ̀ náà ni wàá ti máa dìde nípàdé ọ̀sẹ̀ sọ ohun tí o ṣe, kódà bí iṣẹ́ ò bá lọ síwájú.

Ẹ̀ka mẹ́wàá tí o kà nípa wọn yẹn, ti àwọn tó ń ṣe oyè àkọ́kọ́ ni (ọdún méjì àkọ́kọ́, ọgbà Komaba ni gbogbo wọn ti ń ṣe é). Másítà wà lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí gíga, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, kálukú ló sì ní ìdánwò tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbà ọ́ ní kenkyūsei, má tíì se àsè o. Akẹ́kọ̀ọ́ aláìloyè nìyẹn, o ṣì máa jókòó ṣe ìdánwò náà bíi ti àwọn ọmọ Japan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba wọn láti iléeṣẹ́ aṣojú Japan ní Abuja lò ń lé, bí o bá yege ní ìpele àkọ́kọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa gba lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà lọ́wọ́ yunifásítì, sensei ló sì máa kọ́kọ́ gbà. Tí o bá fẹ́ san án lápò ara rẹ, 535,800 yen lọ́dún ni owó tí ìjọba fi lélẹ̀. Láti 2004 tí yunifásítì ti ń ṣàkóso ara rẹ̀, ó lè fi díẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ tuntun oyè àkọ́kọ́ ti ń san 642,960 láti 2025.

Má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí sensei mẹ́wàá. Ọ̀gá mi fi ọ̀kan hàn mí rí, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yàrá kejì ṣì wà lókè rẹ̀. Ka iṣẹ́ ìwádìí méjì tí sensei tí o ń kọ̀wé sí ti ṣe, sọ èyí tí o fẹ́ tẹ̀ síwájú.

Kí o tó kọ̀wé, wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni ọdún 65 ń fẹ̀yìn tì, ìparí March ni wọ́n sì máa ń lọ. Tí kò bá ní ẹni tó máa gba yàrá náà, kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́, bó ti wù kí lẹ́tà rẹ dára tó.