Ṣé a lè sùn nínú ahéré etí òkun tí a bá fowó wa rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. A fẹ́ ra ọ̀kan nínú àwọn ahéré onípákó etí òkun fún ìsinmi àwọn ọmọ, àmọ́ wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ sun ibẹ̀ mọ́jú. Kí ló fa irú òfin yìí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ẹ má wò ó bí ilé. Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1735 ni yàrá onípákó orí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ti wà ní Scarborough. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ á wọ inú rẹ̀ taṣọtaṣọ, ẹṣin á fà á wọ omi, á bọ́ra níbẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun láìjẹ́ pé ojú ẹnikẹ́ni tó o. Ní 1750, Dókítà Richard Russell kọ̀wé pé omi òkun ń wo kókó tó ń wú lára. Kódà, ó ní kí wọ́n máa mu ún. Bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń wọ́ lọ sétí òkun nìyẹn. Nígbà tí Ọba George Kẹta wẹ̀ ní Weymouth ní 1789, àwọn olórin wà nínú kẹ̀kẹ́ mìíràn, wọ́n ń kọrin fún un.

Àwọn tó yẹ ká máa dárúkọ jù ni àwọn obìnrin tó ń ri àwọn èèyàn bọ omi. Tálákà ni wọ́n, inú omi tútù yẹn ni wọ́n ń dúró sí pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, tí wọ́n á máa di àwọn ìyàwó olówó mú kí ìgbì má gbé wọn lọ. Martha Gunn ti Brighton lókìkí jù nínú wọn.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tọkùnrin tobìnrin ti ń wẹ̀ pọ̀, kẹ̀kẹ́ ò wúlò mọ́. Yàrá náà wá jókòó sórí iyanrìn, ó di ahéré. Kánsù Bournemouth kọ́ tirẹ̀ ní 1909, wọ́n ń fi háyà.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé pákó nìkan lẹ sábà máa ń rà. Ti kánsù ni ilẹ̀, àwọn ló sì sábà máa ń sọ bóyá èèyàn lè sùn níbẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye ọdún tó kù lórí láísẹ́ǹsì, iye tí ẹ ó máa san lọ́dọọdún, àti iye tí kánsù máa gbà bí ẹ bá fẹ́ tà á. Ọ̀pọ̀ ni kò ní iná tàbí omi ẹ̀rọ. Ní Mudeford, wọ́n gbà kéèyàn sùn láti oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ahéré ibẹ̀ ti ju £300,000 lọ. Ní tèmi, ẹ kọ́kọ́ háyà ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe gbádùn rẹ̀ tó.